Oògùn Tí Kò Kan

Oògùn náà kò kan.

Ògúntádé fi hóró kan lé ahọ́n, ó pa ẹnu dé, ó dúró. Adùn díẹ̀ ló kọ́kọ́ wá, ìkorò tẹ̀lé e. Ó tu ú sínú bébà, ó ká bébà náà mẹ́rin, ó tì í bọ àpò.

"Ọ̀gá, ẹ̀rí lẹ jẹ yẹn o," Kọ́pùrù Najeem wí.

"Mélòó ló kù?"

"Mọ́kànlélógójì."

"Kọ ọ́ pé méjìlélógójì ni. Kọ ọ́ pé Ògúntádé jẹ ọ̀kan."

Ó gbé ike náà sójú fèrèsé. Ike funfun ni, ọmọrí búlúù. Wọ́n fi bírò kọ ọ́ sí i lára pé Alimat, ìyàwó Bíyìí, Abà Fárìndé, fítámì C, hóró márùn-ún láràárọ̀. Àwọn hóró inú rẹ̀ pupa rúsúrúsú, wọ́n rí róbótó bíi ti fítámì C gan-an. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ahọ́n nìkan ló lè ṣe é, nítorí kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ pé fítámì C máa ń kan.

Alimat tó ni ike ti kú láti ìjẹta, òun àti oyún oṣù mẹ́jọ. Ẹ̀jẹ̀ dúdú ló bì títí tí kò fi lè dìde mọ́. Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ikùn rẹ̀ ti lu níbi méjì. Ó ní kì í ṣe májèlé. Oògùn ara ríro ni, irú èyí tí àwọn alágbàṣe ń jù sẹ́nu bí ẹ̀pà kí wọ́n tó gbé ọkọ́. Ẹni tó bá ń gbé márùn-ún mì ní òwúrọ̀ láìjẹun, inú rẹ̀ lè lu. Aboyún kò tilẹ̀ gbọdọ̀ fẹnu kàn án.

Tolúlàṣẹ ni nọ́ọ̀sì tó pín ike náà. Ó wà ní àhámọ́ ọlọ́pàá, yàrá kẹta sí ibi tí Ògúntádé jókòó. Láàárọ̀ ọ̀la, wọ́n á gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù pé ó pààyàn.

"Ẹjọ́ yìí ti tán, Ọ̀gá," Najeem wí. "Olóògbé fúnra ẹ̀ ló dárúkọ ẹ̀."

"Tún un kà fún mi."

Najeem ṣí ìwé rẹ̀. Òun ló dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì Alimat kí wọ́n tó gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. "Mo bi í pé, 'Ta ló fún ọ lóògùn?' Ó ní, 'Adúmáadán ló ń ka oògùn fún mi.' Mo ní, 'Adúmáadán wo?' Wọ́n ti gbé e lọ."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé Tolúlàṣẹ ni?"

"Àwọn aboyún tó ń tọ́jú ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Ọ̀gá. Ó dú bí kóró iṣin."

Ògúntádé dé ọmọrí ike náà, ó dìde.

*

Tolúlàṣẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní àhámọ́. Ọjọ́ méjì ló ti lò níbẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó funfun ti di aláwọ̀ eérú. Obìnrin bí ọdún márùndínlógójì ni. Ó dú, ara rẹ̀ sì ń dán lóòótọ́.

"Ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ fún mi," Ògúntádé wí. "Bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan."

"Bàbá, ilé ìwádìí kan ló gbà mí síṣẹ́. Abúlé mọ́kànlá ni mò ń yí ká, láti Ìjàyè dé ẹ̀yìn Ṣáṣá. Àwọn aboyún tó ń mu sìgá ni mò ń wá."

"Aboyún abúlé ń mu sìgá?"

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lọ́wọ́ mi. Àwọn tó ti gbé ẹrù rí ní ọjà Ṣáṣá, àwọn tó ń fi èéfín lé òtútù ní oko, àwọn tí ọkọ wọn kọ́ ní sìgá mímu."

"Kí ni fítámì fẹ́ ṣe fún wọn?"

"Oró inú èéfín ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ nínú oyún. Kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ gbó dáadáa. Wọ́n á bí i tán, àyà rẹ̀ á máa dún bí àyà arúgbó. Ohun tí a kọ́kọ́ ń bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n jáwọ́. Ẹni tó bá jáwọ́, ó parí. Ẹni tí kò bá lè jáwọ́, àwọn onímọ̀ ti rí i pé fítámì C lójoojúmọ́ lè ran ẹ̀dọ̀fóró ọmọ náà lọ́wọ́. Kì í fọ ibi sìgá nù o. Ó kàn ń jẹ́ kí ọmọ rí èémí mí."

"Alimat ńkọ́?"

"Ó ti dín in kù láti mẹ́wàá sí mẹ́ta lójúmọ́. Ó máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní ọjọ́ tóun bá sọ̀ tán, òun á kó mẹ́ta tó kù fún èmi kí n máa bá òun mu ún." Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Bàbá, fítámì ni mo fún un."

"Ìgbà wo lo débẹ̀ gbẹ̀yìn?"

"Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mò ń lọ. Mo máa ń ka ohun tó ṣẹ́ kù nínú ike kí n lè mọ̀ bóyá wọ́n ń lò ó."

Ògúntádé wo ògiri, ó ń ka ọjọ́. Òní jẹ́ ọjọ́ kẹtàlélógún.

"Ta ni wọ́n ń pè ní Adúmáadán?"

"Èmi ni. Àwọn aboyún ló sọ mí bẹ́ẹ̀."

"Alimat náà?"

Ó ronú. "Rárá. 'Nọ́ọ̀sì mi' ni tiẹ̀."

"Ike mélòó lo pín lọ́jọ́ yẹn?"

"Mẹ́rin. Inú páálí kan náà ni gbogbo ẹ̀ ti jáde."

"Dárúkọ àwọn mẹ́ta yòókù."

*

Ẹni àkọ́kọ́ ti da tirẹ̀ sí ṣáláńgá. Ẹnìkejì ti dà á sódò. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ méjèèjì bo ikùn, kò jẹ́ kí wọ́n wọlé.

"Ẹ padà lọ sọ fún wọn níbẹ̀," ó wí. "Èmi àti oògùn ìjọba, a ti parí."

Gbọ́njúbọ́lá ni ẹnìkẹta. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n bá a. Ó sáré fi ọwọ́ kan pa mọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọlọ́pàá, ṣé wọ́n ti ń mú ẹni tó bá mu sìgá ni?"

"Oògùn la bá wá."

Ó wọlé, ó mú ike rẹ̀ jáde láti inú agolo ìrẹsì. "Ọkọ mi ní kí n dà á nù. Mo ní mo ti dà á nù."

Ògúntádé fi hóró kan sẹ́nu. Ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó nawọ́ ike sí Najeem. Najeem náà tọ́ ọ wò, etí rẹ̀ mì.

"Ó kan," Najeem wí.

"Ẹ má dà á nù," Ògúntádé wí fún obìnrin náà.

"Kò ní pa mí?"

"Èyí ò lè pa yín. Iná tó wà lẹ́yìn yín yẹn ni kẹ́ ẹ pa."

Ó pe Dí-Pí-Ò, ọ̀gá àgọ́ wọn, lórí fóònù. Ó ní oògùn tó wá láti ilé ìwádìí dára.

"Ṣé kò lè pààrọ̀ ti ẹnìkan ṣoṣo ni?" ọ̀gá rẹ̀ bi í. "Ògúntádé, mú nǹkan tó lágbára wá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, aago mẹ́sàn-án ọ̀la, mọ́tò á gbéra."

*

Múyì ló ni kẹ́míìsì tó wà lẹ́bàá ọjà Ìjàyè. Ọkùnrin tín-ín-rín ni, ó ń fi aṣọ nu gíláàsì tí kò dọ̀tí.

"Èmi ò ta májèlé fún ẹnikẹ́ni."

"Ta ló ní o ta májèlé? Ta ló ra oògùn ara ríro lọ́wọ́ rẹ, èyí tó pupa, tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan?"

"Gbogbo ayé ló ń rà á. Ìgbà ebè kíkọ la wà."

Ògúntádé fa àga, ó jókòó. Múyì nu gíláàsì títí ó fi sú u.

"Obìnrin kan wà," ó wí níkẹyìn. "Ọjọ́ ọjà. Kì í ṣe ọjà tó kọjá yìí, èyí tó ṣíwájú ẹ̀. Ó ní fún àwọn alágbàṣe ni, òun fẹ́ páálí kan. Mo gbé funfun fún un. Ó ní rárá, pupa lòun ń fẹ́. Ó mú hóró kan jáde láti ọwọ́ ẹ̀, ó fi wé e. Èmi náà rò ó. Ta ní í fi àwọ̀ ra oògùn ara ríro?"

"O rò ó, o sì tà á."

"Mo tà á."

"Kí ló jọ?"

"Ó fi ìborùn bojú. Ó ń lá tọ́mtọ́m. Ọwọ́ ẹ̀ ni mo rí. Ó dú."

Nígbà tí wọ́n padà dé inú mọ́tò, Najeem na ìka sókè. "Ó dú, Ọ̀gá. Ṣé ẹ gbọ́? Ó tún mọ bí fítámì ṣe rí. Nọ́ọ̀sì ni."

"Nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ pààyàn, ṣé ọ̀dọ̀ Múyì ló ti máa ra oògùn?"

Najeem sọ ìka kalẹ̀.

*

Abà Fárìndé kò ju ilé mẹ́sàn-án lọ. Àwọn ìdílé tó ń bọ Ọ̀ṣun àti Ògún láti ayé àwọn bàbá wọn ló wà níbẹ̀, iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n sì ń gbìn. Bíyìí, ọkọ Alimat, jókòó sí ẹ̀yìn àká iṣu rẹ̀. Sìgá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mu ún, ó kàn ń jó tán lọ.

"Wọ́n ní o ra oògùn eku lọ́sẹ̀ tó kọjá," Ògúntádé wí.

"Ẹ wọ inú àká yẹn. Ẹ ka òkú eku."

"Wọ́n ní o máa ń lu Alimat."

"Ẹ̀ẹ̀kan. Nítorí sìgá." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Èmi tí mò ń mu ún náà ni mo lù ú."

"Kò sí májèlé nínú ikùn ìyàwó rẹ."

"Kí lẹ wá ń bi mí fún?"

"Kí n lè rí ojú rẹ nígbà tí mo bá bi ọ́."

Bíyìí kò bínú. Ó tún gbójú sílẹ̀. Ògúntádé ti rí ohun tó fẹ́ rí, ó fi í sílẹ̀ pẹ̀lú èéfín rẹ̀.

Ìyá Bíyìí wà lórí ẹní nínú ọ̀ọ̀dẹ̀. Ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Áṣáà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹkún sì ti jẹ ojú rẹ̀ pupa. Ògúntádé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí i, ó bá a kẹ́dùn, lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìyá, ẹ má bínú. Oògùn tí Alimat ń lò, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n kẹ̀? Ṣebí a jọ ń jẹ ẹ́ ni."

Najeem gbójú sókè.

"Áṣáà máa ń mú ẹnu mi le," arúgbó náà wí. "Láràárọ̀ ni mo máa ń mú ẹyọ kan nínú ike, kí n fi lá ẹnu."

"Oògùn aboyún ni o, Ìyá."

"Ọmọ mẹ́jọ ni mo bí. Ta ló fún mi ní fítámì nígbà náà? Tèmi tí wọn ò fún mi ni mò ń gbà."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó rántí, ó pa á mọ́ra.

"Báwo ló ṣe rí lẹ́nu yín?"

"Ó kan dáadáa. Kó tó wá bàjẹ́."

"Ìgbà wo ló bàjẹ́?"

"Ọjọ́ kejì ọjà Ìjàyè, kì í ṣe èyí tó kọjá yìí, èyí tó ṣíwájú ẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà, mo lá á, ó kan. Lọ́jọ́ kejì, mo lá á, ó korò. Mo tu ú dànù. Mo sọ fún Fáwùnmí pé oògùn yẹn ti bàjẹ́ o. Ó ní kí n fi oògùn olóògùn sílẹ̀."

"Ta ni Fáwùnmí?"

"Ọmọ mi obìnrin. Àbúrò Bíyìí. Òun ló wà nídìí gàrí lẹ́yìn yẹn. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti dálémosú. Ọmọ tó bí nílé ọkọ kò ju oṣù méje lọ, àyà ẹ̀ ń dún, ó ń dún, ó dákẹ́. Àwọn ará ilé ọkọ ẹ̀ ò sì fojú ire wò ó mọ́."

Ògúntádé fi ìka ka ọjọ́ lórí eékún. Ọjọ́ ọjà náà bọ́ sí ọjọ́ kẹjọ oṣù. Ọjọ́ kìn-ín-ní ni nọ́ọ̀sì gbé ike wá. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni oògùn náà fi kan nínú ilé yìí, kó tó di pé ẹnìkan pààrọ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kò sì tíì padà débẹ̀.

Ó wo Najeem. Najeem náà ti kà á dé ibẹ̀. Ó rọra tẹ̀ sí etí ọ̀gá rẹ̀. "Ṣùgbọ́n olóògbé sọ ọ́, Ọ̀gá. Ó ní Adúmáadán."

"Ó ní Adúmáadán ló *ń kà á* fún òun," Ògúntádé dá a lóhùn jẹ́jẹ́. "Ẹni tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù kì í ka oògùn fún èèyàn. Ẹni tó ń jí bá a ní ń kà á."

Arúgbó náà kò gbọ́ wọn. Ó ti padà sínú ẹkún rẹ̀. "Ìyàwó tó mọ ilé ọkọ," ó ń wí. "Ọmọ Ṣáṣá, ọmọ Mùsùlùmí. Ọdún márùn-ún, kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí rí. Àbíkẹ́yìn mi tó wà ní Adegbayi, 'Akọ̀wé' ló ń pè é. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Bíyìí tí kò tíì pé ọdún méje, 'Eyínfúnjowó' ni."

Ọwọ́ Ògúntádé dúró lórí eékún.

"Fáwùnmí ńkọ́, Ìyá? Kí ló ń pe òun?"

"Adúmáadán," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ó ní dúdú ẹ̀ ń dán."

Najeem kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ó di bírò mú lásán.

*

"Ibo ni wọ́n ti tọ́ ọ?" Ògúntádé bi í nígbà tí wọ́n jáde sí àgbàlá.

"Bárékè, Ọ̀gá. Kàdúná."

"Ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ. Ọmọ tí wọ́n bí lánàá, tí ìyàwó wọlé lónìí, ẹ̀gbọ́n ìyàwó ni. Á wá orúkọ tirẹ̀ fún un. O wà níwájú ẹni tó ń kú, ó sì bọ̀wọ̀ fún àna rẹ̀. Ìwọ wá mú ọ̀wọ̀ yẹn, o fi ti nọ́ọ̀sì mọ́lé."

Najeem ti ìwé rẹ̀ bọ àpò.

*

Fáwùnmí ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ búkà gàrí. Ó dú ju nọ́ọ̀sì lọ. Nígbà tó rí wọn, ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó fọwọ́ ti ẹ̀yìn ìbàdí kó tó dìde. Ìró rẹ̀ ga lábẹ́ ọmú.

"Má dìde," Ògúntádé wí, ó lóṣòó níwájú rẹ̀. "Oṣù mélòó ni?"

"Kí ni?"

"Oyún."

Ó wo ẹ̀yìnkùlé, ó wo ọ̀nà ọ̀ọ̀dẹ̀. "Ìyá mi ò tíì mọ̀."

"Wọn ò mọ̀. Oṣù mélòó?"

"Márùn-ún."

Tọ́mtọ́m ń ta sánsán lẹ́nu rẹ̀. Ògúntádé wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ìka méjì ti pọ́n láti orí èékánná dé oríkèé. "Ẹ̀gẹ́ kì í pa èèyàn láró bẹ́ẹ̀," ó wí.

Fáwùnmí ká ìka náà wọnú àtẹ́lẹwọ́.

"Nílé yìí, Alimat nìkan ló ń pè ọ́ ní Adúmáadán."

"Òun nìkan ni."

"Òun náà ló sọ fún wa pé ìwọ lò ń ka oògùn fún un."

Ẹyẹ kan ń pariwo lórí igi ìrosùn. Obìnrin náà tẹ́tí sí i bí ẹni pé òun ló ń bá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó tú kókó ìró rẹ̀, ó mú ọ̀rá kékeré kan jáde, ó gbé e sórí èèpo ẹ̀gẹ́ níwájú wọn. Hóró pupa bí ọgbọ̀n ló wà nínú rẹ̀. Ògúntádé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ́ ọ wò.

"Ṣé o ti ń mu sìgá nígbà oyún àkọ́kọ́?"

"Mo ti ń mu ún."

"Nọ́ọ̀sì kò bi ọ́?"

"Ó bi mí. Níwájú ìyá ọkọ mi ló ti bi mí. 'Ṣé o ń mu sìgá?' Kí lẹ fẹ́ kí n wí? Mo ní rárá. Ó kọ rárá sílẹ̀, ó kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn." Ó gbé ẹ̀gẹ́ kan, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. "Mo bí i. Bó bá ń mí, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á wọnú bí ike tí wọ́n tẹ̀. Oṣù méje ni mo fi gbọ́ ọ. Mo ṣì ń gbọ́ ọ."

"Ìsinsìnyí ńkọ́? O ò ṣe lọ bá nọ́ọ̀sì?"

"Bàbá, mo ti dálémosú. Ẹni tó fún mi lóyún ò ní yọjú. Ẹ tún wá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mò ń mu sìgá. Ibo ni wọ́n á gbé mi sí nílé yìí?"

"O wá ń jí ti Alimat."

"Ó ti jẹ ẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Mo ní ó ti tó fún ọmọ tiẹ̀. Nọ́ọ̀sì sì máa ń ka èyí tó bá ṣẹ́ kù. Mo wá ohun tó jọ ọ́." Ohùn rẹ̀ kò ga, kò sì rẹlẹ̀. "Àwọn alágbàṣe ń jẹ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń jẹ ẹ́. Mi ò mọ̀ pé ó ń pa aboyún."

"Mo gbà ọ́ gbọ́," Ògúntádé wí. "Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì ńkọ́?"

Ó gbọn èèpo ẹ̀gẹ́ kúrò lára ìró rẹ̀.

"Ọjọ́ mélòó ló fi bì kí wọ́n tó gbé e lọ sílé ìwòsàn?"

"Mẹ́ta."

"Ọjọ́ wo lo fura?"

"Ọjọ́ kejì."

"Kí lo ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kẹta?"

"Mo gbé omi fún un."

"Omi nìkan?"

Najeem yíjú sí oko.

"Pẹ̀lú oògùn," Fáwùnmí wí. "Bí mi ò bá gbé e wá, wọ́n á bi mí pé kí ló dé."

Ògúntádé dìde. Orókún rẹ̀ dún. Ó ní kí Najeem má so ọwọ́ rẹ̀, kó kàn rìn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n gba iwájú ọ̀ọ̀dẹ̀ kọjá. Arúgbó náà gbójú sókè lórí ẹní.

"Fáwùnmí, níbo lò ń lọ?"

"Mò ń bọ̀, Ìyá," Fáwùnmí wí.

*

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Tolúlàṣẹ ti tọwọ́ bọ̀wé. Wọ́n kó fóònù rẹ̀ àti bàtà rẹ̀ fún un. Mọ́tò ọkọ rẹ̀ wà níta.

"Ta ni, Bàbá?" ó bi Ògúntádé.

Ògúntádé sọ ọ́ fún un. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò yọ ọ̀kan, kò fi ọ̀kan kún un. Nígbà tó dé ibi ìyá ọkọ, Tolúlàṣẹ fọwọ́ di etí tábìlì mú.

"Mo bi í níwájú ìyá ọkọ ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ló wí."

"Mi ò rántí." Ó tún un wí. "Bàbá, mi ò tilẹ̀ rántí ojú ẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ fun fèrè mọ́tò lóde. Tolúlàṣẹ kò wojú ìta.

"Oyún ẹ̀ ti tó oṣù mélòó?"

"Márùn-ún."

"Ẹ jẹ́ kí n rí i."

"Ọ̀gá, òfin ò..." Najeem bẹ̀rẹ̀.

"Gbé kọ́kọ́rọ́ wá," Ògúntádé wí.

Fáwùnmí jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí Tolúlàṣẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò lórí rẹ̀. Tolúlàṣẹ wọlé, ó dúró níwájú rẹ̀. Ó yíjú sí àwọn ọkùnrin méjèèjì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde fún wa. Ẹ ti ilẹ̀kùn."

Wọ́n jáde. Ògúntádé ti ilẹ̀kùn, ó fara ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ tí bẹ́ǹṣì dún bí ìgbà tí ẹnìkejì jókòó.

"Mélòó lo ń mu lójúmọ́?" Tolúlàṣẹ bi í.

"Méje."

"Ìgbà wo lo mu kẹ́yìn?"

"Láàárọ̀ yìí."

"Ṣé o lè jẹ́ kó jẹ́ ìkẹyìn?"

Ẹkún ni Ògúntádé kọ́kọ́ gbọ́.

"Mi ò mọ̀."

"Ó dáa," Tolúlàṣẹ wí. "Ó dáa. Sún mọ́ mi."

Lóde, ọkọ rẹ̀ tún fun fèrè mọ́tò. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.